Iṣẹ́ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Kàbírátù Sùn

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Òjò. Igi ìdáná tutù, ẹja ò gbẹ. Díẹ̀ ló kù kí n bá obìnrin kan jà ní Youpwè, ọjà ẹja wa ní Douala níbí, lórí àyè ààrò.

Mo délé, Kàbírátù àbúrò mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí láàárọ̀ — lórí àga oníke, kọ̀ǹpútà níwájú, fóònù lọ́wọ́, ìrẹsì àná tí kò fọwọ́ kàn. Láti ìgbà tí Alhaji Ṣàmsídéènì ọ̀gá ẹ̀ ti ti ọ́fíìsì wọn ní Bonamoussadi pa, tó ní kí kálukú máa ṣiṣẹ́ nílé, pálọ̀ mi ti di ọ́fíìsì. Kàbí ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, òun ló ń wo ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dé, òun ló ń sọ ọ̀nà tí awakọ̀ máa gbà. Steve, akẹgbẹ́ ẹ̀, ló ń bá a ṣe ìdajì ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Steve ti lọ. Alhaji ò gba ẹlòmíì. Ọ̀gá Kíá-Kíá ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí "kíá" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀.

Ọkọ mi náà ń ṣiṣẹ́ fún un. Muzzammil, Sítíárín mi. Ọkọ̀ tó tóbi jù ló ń wà. Òun ló bá Kàbí wá iṣẹ́ yẹn.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá

Fóònù Kàbí ò dákẹ́. Ẹnì kan ti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ẹ̀, ó fẹ́ fi wọlé. Tí onítọ̀hún bá ti gbìyànjú, fóònù á bi Kàbí pé ṣé ìwọ ni — OUI, bẹ́ẹ̀ ni, tàbí NON, rárá. Á tẹ NON. Ó tún dé. NON. Ó tún dé. Bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń kírun.

Ó ní òun ti pe Ọ̀gá Kíá-Kíá, torí Alhaji nìkan ló lè pààrọ̀ aṣínà náà. Òun sì tọrọ ìsinmi díẹ̀. Alhaji bi í pé olè wo ló máa rí ilé iṣẹ́ kékeré bíi tòun. Ó ní kó gbájú mọ́ṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Síbí bọ́ lọ́wọ́ Kàbí, ó bú sẹ́kún. Síbí lásán. Ojú ẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí èéfín ẹja ń fín.

Sítíárín ní kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Kàbí ní, ta ló máa wá máa wo ọ̀nà fún yín, Bọ̀dá? Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀, 11 Oṣù Kẹwàá

Fóònù dákẹ́ lónìí. Kàbí sùn títí wọ́n fi kírun Jímọ̀ tán. Alhamdulillahi.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ṣá ọkọ mi.

Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Tí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, màá lu nǹkan.

Tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ló kún inú ọkọ̀ ẹ̀ láti èbúté. Ó ti fẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà ńlá nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i pé wọ́n ti dí ọ̀nà, kó gba ẹ̀yìn pápá ìṣeré ní Japoma. Ó yà síbẹ̀. Igi kan dábùú ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó, wọ́n sì jáde nínú koríko pẹ̀lú àdá. Wọ́n ṣá a lápá òsì títí kan eegun. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí — ìka méjì ṣubú sínú ẹrẹ̀. Wọ́n fi irin fọ́ àgbọ̀n ẹ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ, wọ́n fi í síbẹ̀. Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo létí títì ló gbọ́ tó ń kérora. Òun ló ròyìn ẹ̀ fún mi nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ṣì wà lára ìró ẹ̀.

Mo sáré wálé lọ́sàn-án láti mú aṣọ. Ṣẹ̀rífù àbúrò ọkọ mi ti wà ní pálọ̀. Ọkọ kékeré ni mo ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, irin tí wọ́n fi ń tú táyà wà lọ́wọ́ kejì. Orúkọ Kàbírátù ló wà lórí ọ̀rọ̀ tó rán ọkọ mi sẹ́yìn pápá.

Kàbí ń sọ pé òun kọ́, òun ò kọ ọ́. Ṣẹ̀rífù na irin náà mọ́ ọn léjìká. Mo gbọ́ bó ṣe ró. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé, mo fa igi yọ lábẹ́ ààrò ẹja tí Kàbí dáná sí láàárọ̀, iná ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, Ṣẹ̀rífù ti tún gbé irin sókè, orí ló ń wá báyìí. Mo fi igi náà gbá a lọ́rùn ọwọ́. Irin bọ́. Mo tún gbá a. Òórùn irun tó jóná gba inú yàrá.

Mo ní, "Ọkọ kékeré, ẹ máa lọ. Tí ẹ bá tún fọwọ́ kàn án, èmi àti yín la jọ máa kú."

Ó lọ. Ó ń sunkún bó ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Kàbí sọ ọ́ fún mi fúnra ẹ̀, nígbà tí mò ń fi aṣọ tí mo rì bọ omi gbígbóná tẹ èjìká ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ti sùn lórí àga. Fóònù jí i, ó tún jí i. Ó tẹ OUI.

"Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni, Aǹtí mi."

Ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n rí gbogbo ọkọ̀, wọ́n rí ẹrù, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ bá ọkọ mi sọ̀rọ̀.

Aṣọ tó gbóná yẹn wà lọ́wọ́ mi. Mo fi na ojú ẹ̀. Mo ju aṣọ nù, mo lo ọwọ́. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Kò bo ojú, kò sá. Ìyá aládùúgbò ló wá fà mí kúrò lórí ẹ̀. Èmi tí mo fi iná gba ọmọ yẹn sílẹ̀ lánàá.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹwàá

Ọlọ́pàá mú Kàbí. Wọ́n gbá a létí ní commissariat, àgọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà láàárín wọn yẹ kọ̀ǹpútà Kàbí wò, ó rí i pé láti ibòmíì ni wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n tú u sílẹ̀.

Ọ̀gá Kíá-Kíá wá sílé ìwòsàn pẹ̀lú ọsàn. Ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi, ó ní ọmọ yẹn ya ọ̀lẹ, ó ti ba òun jẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo di ọrùn agbádá ẹ̀ mú. Mo fi ẹ̀yìn ẹ̀ gbá ògiri. Mo ní, "Alhaji, ó sọ fún yín. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní olè wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí lẹ fi dá a lóhùn?" Ọsàn ń yí nílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló já a gbà lọ́wọ́ mi.

Mo sọ òtítọ́ fún Alhaji. Àmọ́ èmi náà ti lu Kàbí.

Jímọ̀, 18 Oṣù Kẹwàá

Mi ò tíì bá Kàbí sọ̀rọ̀. Ó fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ọkọ mi láìjẹ́ pé mo ní kó fọ̀ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹwàá

Sítíárín délé. Apá òsì ò lè ká mọ́. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu òkúta jẹ.

Ó ní kí Kàbí wá. Kàbí kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ọkọ mi ní, "Mo ti sùn lórí sítíárín rí, ní ọ̀nà Edéa. Ọlọ́run ló jí mi, ǹ bá ti pààyàn. Mo mọ irú oorun yẹn. Mo ti dárí jì ẹ́."

Kàbí bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ọkọ mi gbé ọwọ́ tí ìka ò pé mọ́ sókè.

"Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ, àdá yẹn ni mò ń gbọ́. Má gbé inú ilé yìí mọ́."

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mo wo apá yẹn, mi ò lè bẹ̀ ẹ́.

Kàbí kó aṣọ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Suzanne ló ń lọ, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti ilé ìwé, ní Bonamoussadi. Mo bá a gbé báàgì dé ìdí àwọn ọlọ́kadà. Ojú ibi tí mo ti lù ú ò tíì jinná dáadáa létí ẹnu ẹ̀. Mo na ọwọ́ síbẹ̀. Ó fà sẹ́yìn — díẹ̀ báyìí, bíi pé kò mọ̀ pé òun fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ padà sílé, Aǹtí mi. Bọ̀dá dá nìkan wà."

Mo padà. Ọkọ mi kọjú sí ògiri. Mo rò pé ó ti sùn.

Ó bi mí bóyá ọmọ yẹn jẹun kó tó lọ.

Mo ní rárá.