Wọ́díróòbù Mama Miriam

Mummy mi, ẹ kú àfojúsọ́nà. Mo wà dáadáa ní Peckham níbí, iṣẹ́ sì ń lọ.

Júù ni Mama Miriam, ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú. Nígbà tí sójà Jámánì gba ìlú wọn, tí wọ́n ń wá àwọn Júù pa, aládùúgbò kan tó ń ṣe búrẹ́dì fi Mama pamọ́ sí òkè àjà, pẹ̀lú ìyá wọn àti àbúrò wọn ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ tí sójà wọlé wá, ọmọ náà fẹ́ sunkún, ìyá wọn fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Kí sójà tó jáde, ọmọ ti kú.

Lánàá, àwọn immigration kanlẹ̀kùn. Mama tì mí sínú wọ́díróòbù, wọ́n ní, "Má mira o." Mo gbọ́ tí Mama ń sọ fún wọn pé, "Èmi nìkan ló ń gbé ibí."

Àmínát, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé òkè wa, ni wọ́n mú. Ó ń pariwo orúkọ mi lórí àtẹ̀gùn. Mama fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn wọ́díróòbù títí ọkọ̀ fi lọ.

Ẹ má dààmú, ìwé mi máa jáde láìpẹ́. Ẹ bá mi kí Daddy. Tí ìyá Àmínát bá béèrè ọmọ wọn, ẹ ní àlàáfíà ló wà.

Sìdíkàt yín.