Ọ̀tún Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́kọ́ Wò

Ọjọ́bọ, ìrọ̀lẹ́. Surulere.

Èmi ni mo fi ọwọ́ wọn sílẹ̀. Èmi náà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò rántí orúkọ mi mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rántí akọni tó máa ń so aṣọ mọ́rùn fò nínú tẹlifíṣàn nígbà tá a wà lọ́mọdé, tó ń kọ́ wa bá a ṣe ń sọdá títì. "Kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wo òsì, tún wo ọ̀tún." Wọ́n kà á létí títì lónìí láìṣì í. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Wọ́n wo ọ̀tún lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ dá, wọ́n bọ́ sójú títì. Òsì ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ti já lù wọ́n.

Láyé akọni yẹn, apá òsì lọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Ìjọba ti yí i padà sí ọ̀tún kí n tó lọ́kọ; òsì ló yẹ ká máa kọ́kọ́ wò báyìí. Mo mọ̀, mo sì ń pàtẹ́wọ́!

Dókítà ní Ìdí-Àràbà ní wọn ò ní lè rìn mọ́.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Àǹtí, ṣé ẹ rí i pé mo kọ́kọ́ wo ọ̀tún?"

Mo ní, "Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò ṣì í."