Ọjọ́ Tí Bàbá Kaosarah Wo Abẹ́ Òkun

Ilé Alhaji Àbúbákr,
Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Mówè, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ikram,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè wólẹ̀ kírun? Ikram àti ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọ̀gbẹlẹ̀ mú ní Ìsẹ́yìn, pé kànga ilé yín ń gbẹ. Ọlọ́hun á rọ òjò àánú sí i. Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni. Ọyẹ́ ti ń lọ, ooru ti dé, ààwẹ̀ náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ Kaosarah, nẹ́tíwọ̀kì ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́, kó má jẹ́ pé ẹnu ará àdúgbò lẹ ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ rántí Láwàlì, ọmọ Òkè-Àró tó fẹ́ fẹ́ Kaosarah. Iṣẹ́ rẹ̀ ló di wàhálà. Òun ló ń mú àwọn àlejò wọ inú òkun ní Èkó láti wo ẹja. Wọ́n á wọ awò tó bo ojú àti imú, wọ́n á máa fi páìpù kékeré mí lójú omi. Àwọn tó ti kọ́ ọ dáadáa á gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, wọ́n á sì bá a lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Kí àlejò tó dé, òun á ti kọ́kọ́ mòòkùn lọ wo ibẹ̀, bóyá omi mọ́, bóyá ìgbì ò le. Omi Èkó kì í fi gbogbo ìgbà mọ́. Ó nígbà, ó sì níbi. Ibi mélòó kan wà létíkun níbẹ̀ tí Láwàlì mọ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Kaosarah gbọ́, wọ́n ní láéláé. Wọ́n ní òmùwẹ̀ náà lomi ń gbé lọ. "Mi ò bí Kaosarah kí òkun wá sọ ọ́ di opó." Kaosarah ò bá bàbá rẹ̀ jà o. Ó ń se oúnjẹ wọn, ó ń fọ aṣọ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tán nínú ilé wa. Èmi tí mo wà láàárín ò mọ ẹni tí ǹ bá bẹ̀.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, bá a ṣe kírun àsùbáà tán ni Bàbá Kaosarah ní, "Ròkíátù, múra. Èkó là ń lọ. Mo fẹ́ ká ká ọmọ yẹn mọ́ ẹnu iṣẹ́ ẹ̀. Má sọ fún Kaosarah."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé ọkọ mi ti wa mọ́tò láti Ìfọ̀ dé Sókótó, ẹ̀rù kì í bà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tá a wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Tarkwa Bay, etíkun tí Láwàlì ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú, wọn ò sì jù ú sílẹ̀ títí tá a fi gúnlẹ̀. A béèrè Láwàlì, wọ́n sì nawọ́ sí ibi àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n kó dí ìgbì. Ọmọbìnrin kan ló dúró lórí òkúta níbẹ̀, ó di okùn mú, okùn náà sì wọ inú omi lọ. Stella lorúkọ rẹ̀, bí mo ṣe wá mọ̀ nígbà tó yá. Òun àti Láwàlì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Láwàlì dà?" Bàbá Kaosarah bi í.

"Ó wà nísàlẹ̀, sà." Kò wẹ̀yìn.

A wo omi, a ò rí nǹkan kan. Ni ohùn ọkọ mi bá lọ sókè. "Mo ní níbo ni Láwàlì wà! Èmi ni bàbá Kaosarah!"

"Daddy, ẹ má bínú. Mi ò lè kí yín báyìí. Tó bá jáde, màá kí yín."

Inú bí mi. Mo ní irú ọmọ wo rèé, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà? Ó ṣe díẹ̀, okùn náà mì, Stella náà sì fà á lẹ́ẹ̀kan láti fi dá Láwàlì lóhùn. Ìgbà tó yá ni orí Láwàlì yọ. Bó ṣe rí wa, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú omi níbẹ̀, ló bá mu omi iyọ̀ yó. Ìgbà tí Láwàlì gun òkúta tán ni Stella tó yíjú sí wa, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàárọ̀ Daddy, ẹ káàárọ̀ Mummy. Ẹ má vex, abeg."

Láwàlì ni Bàbá Kaosarah bi pé, "Kí lò ń wò nísàlẹ̀ yẹn gan-an?"

"Ẹ wá wò ó, sà."

Mo rò pé wọ́n á kọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe bọ́ fìlà àti bùbá, tí wọ́n kó o fún mi. Láwàlì àti Stella wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì àti awò fún wọn, wọ́n fún wọn ní páìpù, Láwàlì sì mú wọn dé ibi tí omi ti mù wọ́n dé àyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ki ojú bọ omi, ikọ́ ni wọ́n fi jáde. Mo ní ká máa lọ sílé, wọ́n juwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Wọ́n tún padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn wọn àti ẹnu páìpù nìkan ni mò ń rí, ó sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, ojú wọn dà bíi ti ọmọdé.

"Ròkíátù, ẹja kan wà níbẹ̀ tó lálà lára bíi ṣòkòtò tí mo wọ̀ gbé ọ níyàwó. Ìsàlẹ̀ omi náà wá dákẹ́, bíi mọ́ṣáláṣí tí wọn ò tíì pèrun."

A ti padà dé Ìbàfò lójú ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, "Ọmọbìnrin yẹn ò wojú mi."

Mo fẹ́ máa bá a bẹ̀ wọ́n, wọ́n dá mi dúró. "Mo pariwo mọ́ ọn, mo dárúkọ ara mi, síbẹ̀ kò gbójú kúrò lára okùn tí wọ́n so mọ́ Láwàlì lára. Gbogbo ìgbà tí mo fi wa mọ́tò, mi ò ní irú ẹ̀ lọ́mọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rí. Sọ fún Láwàlì kó mú àwọn òbí ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin yẹn bá wọn wá o. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n padà."

Àná ni wọ́n wá. Stella we gèlè, ó jókòó sẹ́yìn gbogbo èèyàn, kò mọ ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe òun. Bàbá Láwàlì kí wa tán, wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ọkọ mi ò tíì dá a lóhùn, Stella ni wọ́n kọjú sí.

"Ìwọ, ọjọ́ tí ara rẹ ò bá yá ńkọ́?"

Stella kúnlẹ̀. "Daddy, ọjọ́ yẹn, Láwàlì ò ní wọ omi."

"Bí àlejò bá ti dé ńkọ́?"

"Àlejò á padà sílé, sà."

Bàbá Kaosarah wò ó títí. Wọ́n wá yíjú sí bàbá Láwàlì, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣàdúà."

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Iṣẹ́ omi, iṣẹ́ omi ni. Ẹ máa bá wa fi wọ́n sádùúà. Lẹ́yìn Ìtunu Ààwẹ̀ la máa so yìgì. Ẹ tètè wá o, ẹ̀yin lẹ máa mú Kaosarah jáde.

Ẹ bá mi kí Ikram, ọkọ rẹ̀ àti gbogbo ará ilé. Kaosarah ń kí yín. Láti àná ló ti ń kọrin nínú kíṣìnnì. Bàbá rẹ̀ náà ń kí yín. Wọ́n ti ń bi Láwàlì ìgbà tí omi tún máa mọ́.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,

Ròkíátù
(Ìyá Kaosarah)