Àwo Orin Àwọn Olorì Méje

Èmi, Mìkáílù Ọládépò Àlàó, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, àyàfi lórí ọ̀ràn kan tí mo máa tó sọ. Saifudeen, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àti Waliyat, ọmọ mi, ni kí wọ́n mú un ṣẹ.

1. Ilé mi ní Under G di ti Waliyat àti Ẹ̀ríolúwa àbúrò rẹ̀, lọ́gbọọgba. Kí wọ́n má lé akẹ́kọ̀ọ́ ayálégbé kankan jáde kí ó tó ṣe ìdánwò tán.

2. Àgbò mi méjì ní Ìrẹsà di ti Saifudeen. Èyí tó dúdú ló fi ìwo kàn án lọ́jọ́sí. Mo fẹ́ kí òun àti àgbò náà parí ìjà.

3. Irin tí mo fi ń gé gíláàsì di ti Ẹ̀ríolúwa. Irin yìí ló mú mi dé ilé olóògbé Ọmọọba Dámisí ní Ọ̀yọ́. Dámisí kó àwòrán olorì méje sí gbọ̀ngàn rẹ̀, ó sì yan àwo orin àtijọ́ ti àwọn òyìnbó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: fayolíìnì fún Olorì Hajarat, dùùrù fún Olorì Mọ̀ríámọ̀. Èmi ni mo ń nu àwòrán, tí mo sì ń gbé àwo olorì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rọ níwájú àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo dá ìwé kọ́ fúnra mi, mo lè ka orúkọ ara àwo. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ọkùnrin tẹjú mọ́ olorì, n kò sì gbójú sókè wo àwòrán wọn rí. Ìṣó tí a fi wọ́n kọ́ ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Nígbà tí wọ́n kun gbọ̀ngàn, àwọn akunlé tún wọn kọ́ bó ṣe wù wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún kọjá kí àlejò kan tó là mí lójú pé orin ẹlòmíràn ni mo ń gbé sí fún wọn. Títí di òní, n kò mọ ẹni tí mo ń gbé fayolíìnì sí fún. Bí mo bá ní kí n tọrọ àforíjì, lọ́wọ́ olorì wo?

4. Kí a dá àwo méjèèje tó wà lọ́wọ́ mi padà fún àwọn ọmọ Dámisí, kí ẹni tó lè wojú àwọn olorì tún wọn tò. Ẹ jọ̀ọ́, kí àdúgbò má gbọ́.

5. Àwọn ará àdúgbò ti sọ fún Rúùtù, aya mi, pé àwòrán Hajarat ni mo ń fẹ́. Ó bi mí léèkan: "Bàbá Waliyat, olorì méje ló ní orin. Èwo ni tèmi?" N kò fèsì, nítorí bí mo bá wí àwíjàre, gbogbo ìlú yóò mọ̀ pé n kò dá olorì kankan mọ̀. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Kò bi mí mọ́. Àwo kẹjọ, tí mo fowó ara mi rà, àti ẹ̀rọ tí ń kọ ọ́, di tirẹ̀. N kò mọ̀ bóyá orin náà bá a mu.

Ẹ ka àwọn abala yòókù nínú yàrá, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ìkarùn-ún yìí, Saifudeen, bí àṣírí mi bá tilẹ̀ máa tú, kà á sókè lójúde, kí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ Hajarat gbọ́: obìnrin kan ṣoṣo ni mo tẹjú mọ́ láyé mi. Rúùtù ni.

Mo fọwọ́ sí i, M. O. Àlàó, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n ti búra pé àwọn kò ní sọ ọ́ síta:
Olúwaṣògo Adéṣínà, awakọ̀
Bushrah Ọlálékan, aránṣọ