Àdúrà Ọbabìnrin Tí Mo Fò

Ọ̀wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn Oṣù Kẹsàn-án, 1960.

Ó rẹ̀ mí. Èmi ni mo darí ìsìn àárọ̀, mo sì fo àdúrà tí a máa ń gbà fún Ọbabìnrin àwọn Òyìnbó. Mo rò pé, bí òmìnira ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí, ìyẹn ti parí.

Mo ń bu òkèlè lọ́wọ́ ni Ìyá Sámúẹ́lì wọlé tòun ti gèlè dúdú. "Tíṣà, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ìgbà wo ni Ọbabìnrin kú?"

Mo ní kò kú, àwọn Òyìnbó ló ń lọ.

"Bàbá Ọbabìnrin ló kó Sámúẹ́lì mi lọ sógun Bọ́mà, kò sì dá a padà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe àmín yẹn. Bí wọ́n bá lọ, ọwọ́ ta ni mo ti máa gba ọmọ mi?"

Mo bá gba àdúrà náà fún un. Ó ṣe àmín.