Ẹja Gígùn tí Bàbá Dúpẹ́ Jẹ

Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kìíní, 1964

Mo ti sọ ohun tí ọkọ mi ń jẹ ní òkè òkun fún ìyá rẹ̀ o, ohun tí mo sì ń bẹ̀rù náà ló ṣẹlẹ̀.

Àwọn fúnra wọn ló bi mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni ọmọ àwọn ń jẹ ní Jàpáànù. Èmi aláìgbọ́n, mo ka lẹ́tà ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, fún wọn porogodo: àdúgbò àtijọ́ ní Kyoto, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń jókòó sórí ẹní, àti ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n yan lé ìrẹsì. Ó ní bí mo bá wá, ibẹ̀ ni òun máa kọ́kọ́ mú mi lọ.

"Gígùn bí kí ni?"

"Ẹja ni, Mà."

"Yéè! Àkànní ọmọ mi jẹ ejò! Èèwọ̀ ilé wa!"

Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n sọ Dúpẹ́ ọmọ mi kalẹ̀ láti ẹ̀yìn wọn sí mi lọ́wọ́ bí ẹni pé iná ni. Wọ́n ní àwọn ò ní pọ̀n ọ́n mọ́ títí bàbá rẹ̀ yóò fi ṣàlàyé, torí ohun tí bàbá bá jẹ, ara ọmọ ọmú ló ń jáde sí.

Ṣé èmi ni mo jẹ ẹ́ ni?

Ọ̀la ni ilé ìwé wọlé. Ta ni yóò gbé Dúpẹ́ nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì? Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó ké títí. Ìyá ọkọ mi dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń ki oríkì rẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì fọwọ́ kàn án.

Bí mo bá dé pósí ọ́fíìsì Dùgbẹ̀ lọ́la, gbólóhùn kan péré ni n ó kọ. Bàbá Dúpẹ́, ẹja ni àbí ejò? Jọ̀wọ́, tètè fèsì.