Mo Wá Yẹ Táyà Láńdírófà Wa Wò

Abúlé Alágbọn,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Òkúdù, 2025.

Kẹ́misọ́lá, Àkànkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ogudu? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ìyá rẹ ń kí ọ, àwọn ewúrẹ́ wà dáadáa, àfi èyí dúdú tó ti kú. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé gíga tí o ń gbé o.

Mo rí fọ́tò táyà mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, pé kí n bá ọ wo èyí tó bá Láńdírófà mi àtijọ́ mu, èyí tí o gbé lọ tún ṣe ní Èkó. Inú mi dùn pé o bi mí, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wà á nígbà tí mò ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo ìjọba. Ohun tí wọ́n kọ sára táyà ló rú mi lójú. Mo rí R16, mo ní háà, Kristẹni ló ṣe èyí, Róòmù orí kẹrìndínlógún ló ní ká kà. Èmi àti ìyá rẹ kà á tán lẹ́yìn àdúrà àárọ̀. Pọ́ọ̀lù kàn ń kí àwọn èèyàn ni, kò dárúkọ táyà kankan. Oyèwùmí tó ń lẹ táyà nítòsí ọjà ló wá sọ pé ìwọ̀n ihò àárín rẹ̀ ni, pé ríìmù wa náà gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Mo rò ó pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yan táyà, kì í ṣe ojú lásán. Ni mo bá bá ọkọ̀ aláta wọ Mile 12 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń sín lórí apẹ̀rẹ̀ títí a fi dé, mo sì gba ibẹ̀ lọ sí Owódé Onírin, lọ́dọ̀ Salaudeen tó ni táyà inú fọ́tò. Ó gbé mẹ́rin tó ti yà sọ́tọ̀ fún ọ jáde, wọ́n ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Mo fọwọ́ kàn wọ́n, àtẹ́lẹwọ́ mi dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ wo àárín eyín wọn, ó sán wẹ́rẹwẹ̀rẹ bíi gìgísẹ̀ mi nígbà ọyẹ́. Mo bi í pé kí ni 3811 tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wúkọ́, ó ní ọjọ́ ìbí táyà ni, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì, ọdún 2011.

Ẹnu yà mí. Táyà ní ọjọ́ ìbí, èmi kò ní, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fún mi nígbà tí mo lọ ṣe káàdì ìdánimọ̀. Mo wá ń yin táyà náà tọkàntọkàn. Mo pe gbogbo ará ìsọ̀ pé kí wọ́n wá wo àgbà, pé táyà ọdún mẹ́rìnlá ti ní ìrírí, àti pé Salaudeen ṣeun tó fi àgbàlagbà ṣìkẹ́ ọmọ mi tó ní tuntun ni òun ń fẹ́. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Salaudeen dorí kodò, ó ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má pariwo mọ́, ó sì wọlé lọ gbé mẹ́rin tí wọ́n bí lọ́dún yìí jáde. Ọmọlúàbí èèyàn ni.

Ṣùgbọ́n nínú mẹ́ta inú fọ́tò, má ra èyí tó fẹ̀ tó ní eyín bíi ti katakata. Yóò máa ha ara mọ́tò tí o bá ń yíwọ́, apá á sì máa ro ọ́, torí ọkọ̀ àtijọ́ kì í ran awakọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga, tí eyín rẹ̀ mọ níwọ̀n, ni kí o gbà, òun ló ń la ẹrẹ̀ kọjá dé ibi tí ilẹ̀ ti le, kì í sì í hó lórí ọ̀dà. Mo bi Salaudeen pé kí ló dé tí o fẹ́ táyà ẹrẹ̀ nígbà tí ọ̀nà Ogudu ń dán, ó ní o sọ fún òun pé ọ̀nà abúlé yín ni, pé ó burú jáì. Inú mi dùn gan-an. Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ láti ọdún mẹ́rin tí o ti gbà á kẹ́yìn, ìjọba ti gbé pátákó ńlá síbẹ̀ pé àwọn ń ṣe é, ìbòòji rẹ̀ sì tutù dáadáa. Salaudeen fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ sára àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà.

Mo wá ní kí n yà kí ọ. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò yín dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní kí n mú kóòdù wá. Mo sọ orúkọ mi fún un, mo ki oríkì rẹ, mo sọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ tí a bí ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára, àmọ́ kóòdù ni òun fẹ́, ẹni tó ni ilé ló sì ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù àlejò rẹ̀. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù mi sì kú. Ó fún mi ní àga rẹ̀. Nígbà tó di bí agogo mẹ́rin, mo rí ìwọ fúnra rẹ nínú mọ́tò funfun, o ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo juwọ́. Ìwọ náà juwọ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó ṣí i, o wọlé. O ti sanra díẹ̀, ògo ni fún Ọlọ́run. N kò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́, mo bá ọkọ̀ aláta padà.

Jọ̀ọ́, bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí a fi ra kóòdù náà. Ìyá rẹ ní bó bá wọ́n, ká ra ti ẹnì kan ná, àwa méjèèjì á máa gbà á lò lọ́wọ́ ara wa.

Ẹnu ọ̀nà yòówù tí o bá dé, yóò máa ṣí fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlábámijí.